Róbọ́ọ̀tì Mẹ́wàá Lórí Àtẹ Obì

Ní alẹ́ gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí a bá ti jẹun tán, mo máa ń nu tábìlì gbẹ, màá gbé àtẹ tí màmá mi fi ń ṣa obì nígbà ayé rẹ̀ sórí rẹ̀, màá wá to ike mẹ́wàá sórí àtẹ náà. Ike òde ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń gbé ní Rẹ́mọ tàbí Ìjẹ̀bú mọ ohun tí mò ń wí. A kì í lọ òde ká bọ̀ lọ́wọ́ òfo níbí, ilé mi sì kún fún ike onídèérí tí wọ́n tẹ àwòrán ọlọ́jọ́ ìbí àti olóògbé sí lára. Èyí tó jẹ́ nọ́ńbà 1, ìyá àgbà kan tó pé ọgọ́rin ọdún ló ń rẹ́rìn-ín lára rẹ̀. Inú ike kọ̀ọ̀kan ni róbọ́ọ̀tì kan wà.

Wákàtí méjì ni mo máa ń lò nídìí wọn kí n tó sùn. Àwọn ọmọ JSS 2 tí mo ń kọ́ ní Ṣágámù kò mọ̀ nípa wákàtí méjì yìí. Ogójì ìṣẹ́jú àárọ̀ Ọjọ́rú ni tiwọn. Ṣùgbọ́n ó ti dá mi lójú báyìí pé alẹ́ Ìṣẹ́gun ni ẹ̀kọ́ náà ti ń yọrí tàbí kó forí ṣánpọ́n, ọ̀rọ̀ alẹ́ yẹn ni mo sì fẹ́ bá yín sọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé-ìwé wa ló ra róbọ́ọ̀tì náà fún wa. Ẹ má rò pé ó jọ ènìyàn o. Kò lórí, kò lọ́wọ́. Pátákó kékeré tó ní táyà méjì ni, bọ́ọ̀lù irin kan ń yí gbirigbiri lábẹ́ iwájú rẹ̀, àpótí bátìrì wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú méjì sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń wo ilẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ ni micro:bit, ohun pẹlẹbẹ kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Iná wíńníwínní 25 ló wà lójú rẹ̀, márùn-ún lọ́nà márùn-ún, pẹ̀lú bọ́tìnì méjì tí wọ́n kọ A àti B sí. Ní 2016, BBC àti àwọn alábàáṣe wọn pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún nǹkan bí mílíọ̀nù kan ọmọ ọdún mọ́kànlá sí méjìlá ní Bìrìtéènì, ibẹ̀ ló ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Tiwa ní méjì-méjì: ọ̀kan wà lórí róbọ́ọ̀tì, èkejì wà lọ́wọ́ ọmọ tó ń darí rẹ̀, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú afẹ́fẹ́ bíi rédíò.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé wọn wọ kíláàsì, mi ò tilẹ̀ ṣí páálí. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn já téèpù, kí wọ́n gbọ́ òórùn ohun tuntun. Ọmọ 46 ló wà ní kíláàsì náà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí sukúrù fi fọ́n ká sílẹ̀ bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìẹ. Sukudiráfà méjì péré ló wà. Àwọn kan ki bátìrì bọ̀ ọ́ sódì, àwọn kan ò rí bátìrì rárá. Nígbà tí róbọ́ọ̀tì mẹ́ta fi máa dìde, wàhálà mìíràn bẹ̀rẹ̀: ọmọ kan níwájú tẹ bọ́tìnì A, róbọ́ọ̀tì ọmọ tó wà lẹ́yìn ló sáré. Gbogbo wọn ń gbọ́ àṣẹ gbogbo wọn. Kíláàsì dà rú, aago sì lù.

Ọmọbìnrin kan wà ní ìlà kẹta, ọmọ tí kì í pariwo. Òun àti àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ti to róbọ́ọ̀tì tiwọn tán kí àwọn ìyókù tó ṣe ìdajì. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, iná rẹ̀ tàn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò rí i. Ó yọ ọ́, ó tún un fi bọ̀ ọ́. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìde lọ wo ti àwọn ẹlòmíràn, òun nìkan ló kù nídìí rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fà á lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ má bínú mà, ó jọ pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe.”

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Okùn tí mo fún un, èyí tó ń gbé iná nìkan ni. Irú okùn bẹ́ẹ̀ pọ̀ nígboro, wọ́n máa ń bá tọ́ọ̀ṣì àti rédíò kékeré wá. Wáyà iná ló wà nínú rẹ̀, kò ní èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀. Tí ẹ bá fi so micro:bit, yóò tàn, ẹ ó rò pé ó ti wọlé, àmọ́ kọ̀ǹpútà ò ní mọ̀ pé ohun kan wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ yẹn ò ṣe àṣìṣe kankan. Kò sí ohun tó lè ṣe lọ́jọ́ náà tí ì bá ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ohun tó gbé lọ sílé ni pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti irú òun. Mi ò rí oorun sùn.

Òwò obì ni màmá mi ṣe. Ẹni tó bá mọ Ṣágámù mọ̀ pé ìlú obì ni. Gbànja ló máa ń rà lóko. Á rẹ ẹ́ sínú omi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, á bó o, á fọ̀ ọ́, á tẹ́ ẹ kí omi ara rẹ̀ fà, ẹ̀yìn ìyẹn ni ṣíṣà máa ń bẹ̀rẹ̀. Èmi àti àwọn àbúrò mi á jókòó yí àtẹ ká. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan la ń gbé sókè tí a ń yí wò, tí a ń fi èékánná tẹ ibi tó bá dúdú. Ihò tí kòkòrò gbà wọlé kì í ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Àwọn Hausa tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Sábọ̀ ló ń kó o lọ sókè Ọya, nínú agbọ̀n tí a fi ewé tẹ́, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló sì máa lò nínú agbọ̀n yẹn. Tí ẹyọ kan bá ti ní kòkòrò nígbà tó kúrò lọ́wọ́ wa, mélòó ló máa kù tó dáa nígbà tó bá débẹ̀? Màmá mi máa ń sọ fún wa pé, “Ibi tí obì ti bàjẹ́ kọ́ ni wọ́n ti ń rí i pé ó bàjẹ́.” Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, mo rò pé obì nìkan ló ń bá wí.

Mo fa àtẹ náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Okùn ni mo kọ́kọ́ ṣà. Mẹ́rìnlá ni gbogbo wọn. Mo so wọn mọ́ kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Okùn tó bá ń gbé ọ̀rọ̀, micro:bit máa yọ lójú kọ̀ǹpútà bí ìgbà tí èèyàn fi fílàṣì sí i, pẹ̀lú orúkọ MICROBIT. Márùn-ún nínú mẹ́rìnlá ni kò yọ nǹkan kan. Mo ta kókó sí wọn nídìí, mo kó wọn fún ìlò ilé. Mo we téèpù pupa mọ́ ọrùn àwọn mẹ́sàn-án tó kù, mo sì ra ọ̀kan sí i. Láti ọjọ́ náà, okùn tí kò bá ní téèpù pupa lọ́rùn kì í wọ kíláàsì mi.

Lẹ́yìn èyí ni nọ́ńbà. Mo kọ 1 dé 10 sára róbọ́ọ̀tì, sára micro:bit tó ń darí rẹ̀, sára ike àti ìdérí rẹ̀. Ó lè jọ ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ nọ́ńbà yìí ló parí ìjà rédíò. Nínú MakeCode, ibi tí àwọn ọmọ ti ń to àṣẹ jọ lórí kọ̀ǹpútà, èèyàn lè yan ẹgbẹ́ rédíò láti 0 dé 255. Micro:bit tó bá wà nínú ẹgbẹ́ kan náà nìkan ló ń gbọ́ ara wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ètò àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn lò, gbogbo wọn sì wà nínú ẹgbẹ́ kan, bí ìgbà tí gbogbo ilé àdúgbò bá ń lo kọ́kọ́rọ́ kan náà. Ní báyìí, róbọ́ọ̀tì 7 àti olùdarí rẹ̀ wà ní ẹgbẹ́ 7. Kò sí ọmọ tó ní láti há a sórí, ara ike ló ti máa kà á. Mo gbé MakeCode tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì sórí àwọn kọ̀ǹpútà pẹ̀lú dátà fóònù mi, lóru tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń yá, torí pé mi ò lè fi ogójì ìṣẹ́jú àwọn ọmọ dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló gbà mí lákòókò jù. Bátìrì AA mẹ́rin ni róbọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ń lò. Èyí tí a ń lò tí a ń jù nù máa ń ní fóòtì (volt, ìwọ̀n agbára iná) 1.5 tó bá ṣì tuntun, mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 6. Èyí tí a ń ṣáájì, 1.2 ni, mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 4.8. Ìyàtọ̀ yẹn kì í hàn lójú, ẹsẹ̀ róbọ́ọ̀tì ló ti ń hàn. Ẹ sọ fún méjì pé kí wọ́n rìn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta: ọ̀kan á dé ibi tí ẹ fojú sùn, èkejì á dúró lọ́nà. Ọmọ tó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa lórí ìwé á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣìṣe sínú ohun tí kò ní àṣìṣe. Mo ti rí ọmọ tó pa iṣẹ́ tó tọ̀nà rẹ́ nítorí bátìrì, ó sì dùn mí wọra. Nítorí náà, irú kan ṣoṣo ni mò ń fi sínú gbogbo wọn, èyí tí a ń ṣáájì, mi ò sì ń pa àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun. Láti alẹ́ Ajé ni mo ti ń ṣáájì tí iná bá wà. Tí kò bá sí, ṣọ́ọ̀bù ìyá tó ń ta omi tútù ládùúgbò wa ni mò ń gbé wọn lọ, òun máa ń tan jẹnẹrétọ̀ láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Tó bá rí mi lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, á ní, “Àǹtí, àwọn ọmọ yín ńkọ́?” Mo ti mọ̀ pé àwọn róbọ́ọ̀tì ló ń bèèrè.

Tí táàmù bá parí, gbogbo bátìrì ló gbọ́dọ̀ jáde. Mo gbàgbé lọ́dún kan, mo fi bátìrì sílẹ̀ nínú àwọn olùdarí títí ìsinmi gígùn fi parí. Nígbà tí mo ṣí wọn, nǹkan funfun bí iyọ̀ ti hù sẹ́nu irin. Ohun tó ń jò jáde lára irú bátìrì bẹ́ẹ̀, ìwà rẹ̀ jọ ti omi eérú, ohun kíkan ló ń pa á. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí òwú, mo fi nu ojú irin kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, mo fi òwú gbígbẹ nù ún tẹ̀lé e. Mẹ́jọ jí padà, méjì kò jí.

Ohun kan tún wà tí kò ṣeé yẹ̀ wò nílé. Fún bí oṣù kan, róbọ́ọ̀tì tó ń tẹ̀lé ìlà dúdú láìṣì ẹsẹ̀ gbé nínú pálọ̀ mi máa ń ṣìnà tó bá dé kíláàsì. Mo tú u palẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí nǹkan kan. Àárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run ṣú, tí òjò fẹ́ rọ̀, ó rìn dáadáa, mo bá lóye. Ojú méjì tó ń wo ilẹ̀ yẹn, ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú èèyàn kò lè rí, infrared, ni wọ́n ń tàn sílẹ̀. Funfun ń dá a padà, dúdú ń gbé e mì, bí róbọ́ọ̀tì ṣe ń mọ ìlà nìyẹn. Oòrùn náà ní irú ìmọ́lẹ̀ yìí, ó ní i lọ́pọ̀lọpọ̀. Kíláàsì wa kọjú sí ìlà oòrùn, fèrèsé rẹ̀ jẹ́ gíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, tó bá ti di aago mẹ́sàn-án, ìtànṣán á ti tò ní ìlà-ìlà sórí ilẹ̀. Tí róbọ́ọ̀tì bá gun orí rẹ̀, kò ní mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun mọ́. Àtìgbà náà ni mo ti ní ìró ànkárá méjì tó ti gbó nínú àpò ilé-ìwé mi. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ń dé, mo ń ta wọ́n sí fèrèsé, mo ń tẹ́ ojú ọ̀nà sílẹ̀, mo sì ń dán an wò níbi tí wọ́n ti máa lò ó gan-an. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ìsìnkú ni mo fi ń ṣe ojú ọ̀nà náà, torí ó funfun, ó sì nípọn, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì wa sì ti sán débi pé bọ́ọ̀lù abẹ́ róbọ́ọ̀tì máa ń há sí i. Téèpù dúdú tí àwọn oníná ń lò ni ìlà rẹ̀.

Kí ọmọ kankan tó fọwọ́ kan nǹkan, mo máa ń sọ ìtàn kan fún wọn. Láàárín 1948 sí 1949, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ W. Grey Walter ṣe ẹ̀rọ méjì onítáyà mẹ́ta nílùú Bristol, ó pe orúkọ wọn ní Elmer àti Elsie. Ó fi wọ́n wé ìjàpá, torí ìkarahun tó bò wọ́n àti bí wọ́n ṣe ń rìn jẹ́jẹ́. Wọ́n máa ń rìn lọ síbi ìmọ́lẹ̀. Tí agbára bátìrì wọn bá ń tán, wọ́n á padà sínú ilé wọn lọ ṣáájì. Nígbà tó yá, ní Amẹ́ríkà, Seymour Papert, tí wọ́n bí ní Pretoria ní South Africa ní 1928, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé èdè kọ̀ǹpútà kan jáde fún àwọn ọmọdé ní 1967, wọ́n pè é ní Logo. Wọ́n wá so ó mọ́ ẹ̀rọ kan tó ń rìn nílẹ̀ tó sì ń fi bírò fàlà, ìjàpá ni wọ́n tún pe òun náà. Ọmọ á kọ pé kó lọ síwájú ní 100, kó yà sápá ọ̀tún ní 90, á sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ débẹ̀, ọmọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo!” Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tó wọn. Mo wá bi wọ́n léèrè ohun tó mú ìjàpá tiwa yàtọ̀ sí tiwọn. Ọmọ kan dáhùn pé, “Tiwa gbọ́n ju ẹni tó rán an níṣẹ́ lọ, mà. Tiwọn ò mọ̀ ju ohun tí wọ́n bá rán an lọ.” Mi ò rí ọ̀rọ̀ fi kún un. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ kí ọmọ kan sọ pé róbọ́ọ̀tì ò gbọ́ràn. Ohun tí wọ́n máa ń bi ara wọn ni pé, “Kí la rán an?”

Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè béèrè bẹ́ẹ̀ tí kò bá dá a lójú pé ẹni tí òun rán ń gbọ́. Ibí yìí ni mo ti ń bá tíṣà àgbà kan níbi iṣẹ́ wa jiyàn. Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ ló ti jáde, ilé-ìwé tí Táí Ṣólàárín dá sílẹ̀ ní 1956, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ kó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó ní mo ń bá àwọn ọmọ ṣe jù, pé ìyà ló ń kọ́ èèyàn lọ́gbọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún un, mo sì ronú sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí mo rí ni pé ìṣòro tó ń dé bá ọmọ nídìí róbọ́ọ̀tì kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀kan ní ilẹ̀kùn: tí ọmọ bá wá a, á rí i. Èkejì, ògiri lásán ni. Okùn tí kò gbé ọ̀rọ̀, bátìrì tó ti kú, ẹgbẹ́ rédíò tó dàrú, kí ni ọmọ ọdún méjìlá máa fi mọ èyí? Àwọn wọ̀nyẹn ni mò ń mú kúrò ní alẹ́ Ìṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n mi ò tún gbogbo rẹ̀ ṣe mọ́, tíṣà àgbà yẹn ló sì jẹ́ kí n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Róbọ́ọ̀tì 7, bí àpẹẹrẹ, tí mo bá ní kó lọ tààrà fún mítà méjì ní kọ́rídọ̀, á ti yẹ̀ sápá òsì tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kó tó dé òpin, torí pé ẹ̀rọ tó ń yí táyà ọ̀tún lágbára ju ti òsì lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi lè tún un ṣe. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tèmi, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pínpín náà ò kéré. Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní oṣù January 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ó máa ń sọ pé ọmọ mẹ́ta ló ń lo síléètì kan nígbà náà, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà á ni ìwé máa ń yé. Mi ò fẹ́ ìyẹn. Ọmọ márùn-ún-márùn-ún ló wà nídìí róbọ́ọ̀tì mẹ́fà, mẹ́rin-mẹ́rin nídìí mẹ́rin tó kù. Ẹnì kan ń gbé róbọ́ọ̀tì, ẹnì kan wà nídìí kọ̀ǹpútà, ẹnì kan ń wọn ilẹ̀, ẹnì kan ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé. Tí wọ́n bá pé márùn-ún, méjì ló ń wọn ilẹ̀. Mo ń lu agogo, wọ́n ń pààrọ̀ iṣẹ́. Èmi ni mò ń yan ẹni tó kọ́kọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, àwọn tí kì í pariwo ni mo sì máa ń yàn.

Ní Ọjọ́rú kan, mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé ike 7 fún ọmọbìnrin ìlà kẹta yẹn. Kò mọ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀. Mo rí i tó gbé e sílẹ̀, tó yẹ̀ sápá òsì. Ó tún un gbé sílẹ̀, ó tún yẹ̀. Àyà mi ń já, mo fẹ́ lọ bá a, mo mú ara dúró. Ó dojú róbọ́ọ̀tì náà bolẹ̀, ó tan án, ó tẹ orí sí táyà méjèèjì bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ pé kó wá gbọ́. Wọ́n jọ padà sídìí kọ̀ǹpútà. Kò wo ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí aago lù, wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà sínú ike, ike sórí tábìlì ní ìlà, 1 dé 10. Mo ṣí ìwé ẹgbẹ́ wọn. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀: “7. Ó ń fà sí òsì. Táyà ọ̀tún ló ń yára jù. A dín agbára rẹ̀ kù láti 80 sí 74, ó ti ń lọ tààrà. Mà, tí ẹ bá pààrọ̀ bátìrì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un wò.”

Ní alẹ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, mo pààrọ̀ bátìrì 7. Mo gbé e jáde sí kọ́rídọ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì tan iwájú rẹ̀, mo sì tún un wò.